Ilẹ̀kùn Tuntun ní Ibùdó Awayanrìn

Ilẹ̀kùn ni mo ń tà. Kì í ṣe tuntun o, tuntun kò kan èmi. Tí wọ́n bá fẹ́ wó ilé ní Èkó, kí katakata tó dé, àwọn tèmi á ti wọlé, wọ́n á ti tú ilẹ̀kùn, wọ́n á ti tú fèrèsé àti irin ojú rẹ̀, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá sí Èbúté Ìkòròdú. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń gbà wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Lásunwọ̀n. Mo ti ta ilẹ̀kùn ilé adájọ́ fún ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Mo ti ta ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì fún ìyá kan tó fi ti ilé ìdáná rẹ̀, ó ní bóyá àwọn ọmọ òun á máa gbàdúrà kí wọ́n tó jí ẹran. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Ìyókù ẹ̀kọ́ mi, ojú oníbàárà ni mo ti kà á, mi ò sì tíì rí ojú tí kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbà mí gbọ́ nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ tún ìlú kan tó ti di ahoro ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìlú? Ìwọ tí páànù ilé ìwẹ̀ rẹ ti ń jò láti ọdún tó kọjá?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ìwẹ̀ ṣá ni. Omi náà ló yẹ kó wà níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò bá ẹnu mi rẹ́rìn-ín. Mo ti bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ tán nígbà yẹn, mo ti fẹnu kó.

Ìlú tí mo ń sọ yìí, ibùdó awayanrìn ni gbogbo wa ń pè é. Etí ọ̀sà ló wà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ á rí i lápá òsì kó tó dé Agbọ́wá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi ní búkà síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ a máa mú garawa, wọ́n a rì wọnú omi lọ, wọ́n a bu yanrìn nísàlẹ̀, wọ́n a gbé e jáde, wọ́n a dà á sínú ọkọ̀ títí ọkọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Tí wọ́n bá ta ìgbòkun tán, ọkọ̀ náà a máa lọ lójú ọ̀sà bí aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé, tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọsibítù. Ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ ń rí ní Èkó yẹn, orí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni yanrìn rẹ̀ gbà jáde.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Dírẹ́jà ni wọ́n ń pè é. Paípù rẹ̀ tóbi ju àgbá lọ, ohun tó sì ń fà lọ́sàn-án kan, gbogbo àwọn ọkùnrin yẹn kò lè bù ú fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Ó fà, ó fà, títí bèbè fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Nígbà tí yanrìn tó dára tán, ẹ̀rọ bá tirẹ̀ lọ. Àwọn awayanrìn wo omi, omi ti jìn ju èémí ènìyàn lọ. Wọ́n bá kó. Àwọn kan lọ sí Ẹ̀pẹ́, àwọn kan lọ sí Ìkòròdú, àwọn kan lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Igbó wọlé. Mọ́ṣáláṣí kékeré ibẹ̀ di ilé àdán.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lórí, mo ń kó pákó bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ wa gba ẹ̀gbẹ́ ibùdó náà kọjá, mo sì rí ẹja tó ń fò lójú ihò tí dírẹ́jà gbẹ́ sílẹ̀. Ẹja ńlá. Ọ̀kan fò, òmíràn fò, bíi pé wọ́n ń na ọwọ́ sí mi. Awakọ̀ ní ibẹ̀ ti di ilé ẹja, torí ó jìn, kò sì sí ẹni tó ń da omi rẹ̀ láàmú. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti rí gbogbo rẹ̀. Ibi tí ẹja bá wà, apẹja á wá. Ibi tí apẹja bá wà, obìnrin tó ń yan ẹja á wá. Ibi tí obìnrin méjì bá sì ti dúró pẹ̀lú agbọ̀n, ọjà ti dé nìyẹn. Ẹlòmíràn wo ibẹ̀, igbó ló rí. Èmi rí ibi tí ọkọ̀ á máa yà.

Ìdílé kan ní ọ̀nà Agbọ́wá ló ni ilẹ̀ náà. Olórí ẹbí wọn jẹ́ bàbá arúgbó kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wọn gààrí fún ọ̀tá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo rojọ́ tèmi. Ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ wá. Onídírẹ́jà ti padà wá bá mi. Ó ní yanrìn ṣì wà lábẹ́ àwọn ilé yẹn."

"Bàbá, tó bá fa ti abẹ́ ilé, ilé ńkọ́?"

"Ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé, ilé ni?"

Mo ní ẹni tó máa gbé e ń bọ̀. Ó wò mí pẹ́.

"Gbọ́, èmi kì í fi ilẹ̀ dúró de àlá. Lọ tún un ṣe. Tí òjò ọdún yìí bá dá, tí omi bá fà, mo máa wá wò ó. Ibi tí èéfín kò bá ti rú, ìlú kọ́. Tí mo bá rí èéfín ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ọwọ́ rẹ ni ó máa wà. Tí mi ò bá rí i, kí onídírẹ́jà máa gbé paípù rẹ̀ bọ̀."

"Bàbá, èéfín kò le. Àwa obìnrin la ni èéfín."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo rò pé mo ti borí. Ìgbà tí mo wọ ọkọ̀ tán ni mo wá rí ibi tó le. Iná dídá kì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tó máa dáná níbẹ̀ lónìí, tó máa sùn síbẹ̀, tó máa jí lọ́la kó tún dáná, ibo ni mo ti fẹ́ rí i?

Mo mú káfíńtà mi dání, ọmọ Ègùn kan tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, tí kò sì sí ohun tí kì í ráhùn sí. Tí oòrùn bá mú, á ráhùn. Tí òjò bá rọ̀, á ní oòrùn sàn jù. A wá àwọn tó gé igbó. A pààrọ̀ páànù tó ti dípẹtà. A to àpò yanrìn ti bèbè tó ń ya. A fọ kànga, a lé àdán kúrò ní mọ́ṣáláṣí, mo sì ní kí wọ́n mọ ààrò tí wọ́n á fi máa yan ẹja sí ẹ̀yìnkùlé kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan ló ṣàjèjì níbẹ̀. Nínú gbogbo ilé yẹn, kò sí ẹyọ kan tó ní ilẹ̀kùn. Páànù wà lórí. Fèrèsé wà. Àní ìkòkò wà nílé mìíràn. Ilẹ̀kùn nìkan ni kò sí.

Mo ní, "Olè ni. Ta ló máa mọ olè ilẹ̀kùn ju èmi lọ?"

Káfíńtà fọwọ́ pa férémù ilé kan. "Ìyá, olè wo ló ń fara balẹ̀ tú ilẹ̀kùn báyìí? Ẹ wò ó, kò ha igi lára. Olè á sì fi páànù sílẹ̀?"

"Bóyá olè tó mọ ọjà ni."

A rẹ́rìn-ín, a kọjá níbẹ̀. Ẹnu mi máa ń dé ibi tí mò ń lọ kí orí mi tó dìde.

Ilẹ̀kùn kì í sì í ṣe ìṣòro fún ẹni tó ń ta ilẹ̀kùn. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo kó gbogbo èyí tó dára jù níbẹ̀, mi ò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi rò pé mo ń sá fún onígbèsè. Nígbà tí a kàn wọ́n tán, ilé pákó tó kángun sí omi ti gba ilẹ̀kùn báǹkì, onígíláàsì. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí gba èyí tí wọ́n kọ "Dókítà Wà Nílé" sí lára. Káfíńtà fà sẹ́yìn, ó wò ó, ó ní ìlú náà dà bí ẹbí tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò jọra, tí bàbá wọn sì ti ń fura. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo fi àgádágodo sí gbogbo wọn nítorí àwọn tó máa ń kọjá, mo so àwọn kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn kan, mo gbé okùn náà kọ́rùn. Mo ń rìn kiri etí omi, mo ń ró ṣaworoṣaworo.

Mo wá ránṣẹ́. Àwọn awakọ̀ ojú omi ni rédíò wa lójú ọ̀sà yìí. Mo sọ fún wọn, mo sọ fún àwọn ẹlẹ́ja ọjà Ẹ̀pẹ́, pé ẹnikẹ́ni tó bá rí àwọn awayanrìn àtijọ́ kó sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀ wálé, ilé wọn ti ṣe tán, ẹja sì pọ̀ lódò.

Wọ́n wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ yọ, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, àwọn méjèèjì ti dàgbà, obìnrin náà jókòó lé ẹrù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi tapólì bò. Mo sáré lọ sí etí omi, mo ń juwọ́. Ọkọ̀ náà rọra. Wọ́n ń wo ilé kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo rí ẹnu obìnrin náà tó ń lọ, mi ò gbọ́ ohun tó wí. Ọkọ rẹ̀ ki àjẹ̀ bọ omi, ọkọ̀ sì yí orí padà.

Mo ké sí wọn pé, "Ẹ máa bọ̀, ibí ni."

Obìnrin náà tutọ́ sómi. Wọ́n lọ.

Mo ní bóyá wọ́n ṣì mí mọ̀ ni. Nígbà tó yá, ọkọ̀ mìíràn wá, òun náà rọra, ó wò wá, ó lọ. Òmíràn kò tilẹ̀ rọra tó bẹ́ẹ̀, ojú lásán ló gbé sí wa, ó tẹ ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá bi àwọn awakọ̀, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀, pé àwọn tí àwọn jẹ́ iṣẹ́ fún kàn ń mi orí ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara mi nínú omi bóyá ojú mi ló burú. Mo ní kí káfíńtà lọ jókòó sínú ilé, nítorí ojú tirẹ̀ kò fani mọ́ra tó tèmi. Ó ní ojú òun kọ́ ló wà níwájú.

Òjò ti ń dínkù. Èyí tó máa ń rọ̀ láti òwúrọ̀ di ti ọ̀sán, ti ọ̀sán di ọwọ́ kan ṣoṣo tí kò rin aṣọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń wo ara òpó èbúté bóyá omi ti sún sísàlẹ̀, bí ẹni tó ń wo ìyàwó tó máa bímọ. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Lásunwọ̀n ti ṣófo, mo kó gbogbo rẹ̀ wá síbí. Tí dírẹ́jà bá dé, ilẹ̀ á lọ, ilé á lọ, ilẹ̀kùn mi á sì bá wọn lọ sínú ọ̀sà. Àwọn ẹja á máa ti ilẹ̀kùn báǹkì.

Káfíńtà ní, "Ìyá, ṣebí èéfín ni Bàbá fẹ́? Tó bá ku ọ̀la kó dé, ẹ jẹ́ ká dáná sí gbogbo ààrò. Ìlú á máa rú kùù."

Mi ò lè parọ́ pé mi ò rò ó. Mo rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n irú bàbá yẹn á ṣí ìkòkò wò. Kí ni mo máa sọ pé ó ń jinná níbẹ̀?

Mo wọ ọkọ̀, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti wá obìnrin tó tutọ́.

Wọn kò ṣòro rí. Ẹ̀yìn ọjà ẹja ni wọ́n wà, wọ́n rẹ́ǹtì yàrá kan nínú ilé àtijọ́. Obìnrin náà ń ha ìpẹ́ ẹja, ọkọ rẹ̀ ń tún àwọ̀n ṣe. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ọkùnrin náà dáhùn, ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè. Bí mo ṣe fẹ́ ya ẹnu, ojú mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn kan fara ti ògiri níbẹ̀, tapólì bò ó dé ìdajì. Igi apá ni, iṣẹ́ àtijọ́, kò sí kòkòrò tó fẹnu kàn án. Ọwọ́ mi kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu tó bá ti rí ilẹ̀kùn. Mo fi ìka gbá a, kó, kó. Ó dún bó ṣe yẹ kó dún.

"Ìyá, ṣé ẹ máa ta ilẹ̀kùn yìí?"

Ọ̀bẹ dúró lórí ẹja.

"Ẹ gbọ́ ọ?" Obìnrin náà ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò. "Ó ti gba ilé, ó ku ilẹ̀kùn. Tó bá di ọ̀la, á béèrè iye tí a fẹ́ ta ibùsùn."

"Mo gba ilé kẹ̀? Ilé ta ni mo gbà?"

"Ilé wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, tí o kan ilẹ̀kùn dókítà mọ́. Ta ló ń ṣàìsàn nínú wa?"

Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin yìí kò ní ẹ̀rín nínú.

"Ìyá, mo tún un ṣe fún yín ni. Mo fẹ́ kí ẹ padà wá."

"Kọ́kọ́rọ́ ta wá ló wà lọ́rùn rẹ yẹn?"

Mo fọwọ́ kan àyà mi. Gbogbo ìlú wọn rọ̀ síbẹ̀.

Ọkùnrin náà ló gbé àwọ̀n sílẹ̀. Ó bi mí pé ta ni ìyá mi, mo sọ ọ́. Ó ní, "Oníbúkà? Ìyá rẹ kò wá sọ fún ọ?"

"Kí ni kò sọ fún mi, Bàbá?"

"Ní ibùdó wa, a kò ní ìwé ilẹ̀. Ilẹ̀ kì í ṣe tiwa, ògiri náà, pákó tí omi ń jẹ ni, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ló máa ń bá ọ nà án ró. Ilẹ̀kùn nìkan ni ènìyàn fi owó ara rẹ̀ ṣe. Tí o bá ń lọ, o tú ilẹ̀kùn rẹ, o gbé e dání. Ilé tó bá la ẹnu sílẹ̀, olúwa rẹ̀ ń bọ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá ti kan ilẹ̀kùn mìíràn mọ́ ọn, ẹlòmíràn ti jogún rẹ̀ nìyẹn. Ẹjọ́ ti parí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀kalẹ̀ kí ẹ bi mí?"

"Ẹni tó ti kan ilẹ̀kùn, kí la tún fẹ́ bi í?"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Mo jókòó lé ilẹ̀kùn wa láti Ẹ̀pẹ́ dé ibẹ̀. Mo tún jókòó lé e padà. Ìdí ń dùn mí títí di òní."

Mo wá rí i. Búkà ìyá mi kò ní ilẹ̀kùn, òpó mẹ́rin àti páànù ni, tó bá di ìrọ̀lẹ́ a ti wọ ọkọ̀ lọ sílé. Ẹni tí kò bá wọn sùn, ibo ni yóò ti mọ ohun tí wọ́n fi ń tilẹ̀kùn? Èmi, nínú gbogbo ènìyàn tó wà láyé, èmi oníṣòwò ilẹ̀kùn ni mo lọ kan ilẹ̀kùn mọ́ ẹnu gbogbo wọn, mo gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn, mo tún wá ń juwọ́ sí wọn.

"Tí mo bá tú wọn ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ọkùnrin náà ní, "Tí ẹnu ilé bá ṣí, ẹni tó ń kọjá lójú omi á rí i. Ọ̀rọ̀ á dé ibi tó máa dé."

"Ṣé ẹ̀yin náà á wá?"

Ìyàwó rẹ̀ ti padà sídìí ẹja. "Orúnkún mi ló máa sọ."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kúrò níbẹ̀. Ẹ bá mi túmọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Gbogbo ojú ọ̀sà ni mo fi ń túmọ̀ rẹ̀, mi ò rí i túmọ̀.

Nígbà tí mo sọ fún káfíńtà pé kó tú ilẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní kí n lo ìṣó gígùn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ní kí ìjì má lè ṣí i."

"Ìjì kò ṣí i. Èmi ni mo ní kí o ṣí i. Dìde."

A tú, a ń tò wọ́n jọ sí etí omi. A ti ṣe é dé ìdajì nígbà tí ọkọ̀ Bàbá onílẹ̀ yà. Omi kò tíì fà tán, kò yẹ kó tíì wá. Onídírẹ́jà wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun wá sínú ẹrẹ̀, ó sì kó àwọn òpó gbọọrọ tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ dání, èyí tí á fi sàmì sí ibi tí paípù rẹ̀ á ti fà.

Bàbá wo ilẹ̀kùn tó wà nílẹ̀, ó wo àwọn ilé. "O ti ń palẹ̀ mọ́. Ọlọ́gbọ́n ni ọ́."

"Bàbá, mi ò palẹ̀ mọ́ o. Ìsinsìnyí gan-an ni mo ń múra de àlejò."

"Ilẹ̀kùn lò ń kó jáde yìí."

"Ó ní láti jáde kí ènìyàn tó wọlé ni."

Onídírẹ́jà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín gbé e sínú ọkọ̀." Èmi tí mo máa ń fi gbogbo ayé rẹ́rìn-ín, ọjọ́ yẹn ni mo mọ bó ṣe máa ń rí lára wọn.

Mo ṣàlàyé fún Bàbá. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ń gbọ́ ara mi, ó dà bí irọ́ tí ọmọdé ń pa. Bàbá mirí.

"Mi ò gbọ́ irú èyí rí. Ilẹ̀ bàbá mi ni, mi ò gbọ́ ọ rí."

"Bàbá, ẹ̀yin náà kò sùn níbí rí."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó dì í mú. Káfíńtà yí ojú sí omi. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mò ń lọ sí ọjà Ẹ̀pẹ́ tó ń bọ̀. Tí mo bá ń padà bọ̀, mo máa yà níbí. Ohun tí mo sọ náà ni mo ṣì sọ." Onídírẹ́jà kò dúró dìgbà yẹn, ó ní kí wọ́n máa ri òpó mọ́lẹ̀. Ọ̀kan wà níwájú mọ́ṣáláṣí gan-an.

A tú ìyókù. Ìlú náà wá la ẹnu sílẹ̀ pátápátá, bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Gbogbo iṣẹ́ wa, ẹni tó bá wò ó láti ojú omi á ní a kò ṣe nǹkan kan. Ewúrẹ́ ẹnì kan wọ inú ilé tó wù ú. Mo jókòó, mo ń ka ọkọ̀ tó ń kọjá. Tí ọ̀kan bá rọra, ọkàn mi á dúró. Tó bá lọ, ọkàn mi á lọ bá a. Mi ò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́. Mo já okùn kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, mo jù ú sínú garawa ìṣó.

Ọjọ́ ọjà pé. Àárọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó yà. Ọ̀sán pọ́n, Bàbá dé pẹ̀lú onídírẹ́jà. Ó jókòó sórí ilẹ̀kùn tí mo tò, ó ń wo àwọn ààrò tí kò sí eérú nínú wọn. Mo bá a sọ̀rọ̀ ọjà, iye tí ẹja jẹ́, bí òjò ṣe rí. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń da omi sí ilé tó ń jó. Ó ń dá mi lóhùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ti na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀ láti dìde nígbà tí káfíńtà kàn mí lápá.

Ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, obìnrin kan ga lórí rẹ̀ bí ẹni tó jókòó lórí ìtẹ́.

Wọ́n gúnlẹ̀. Ìyá náà sọ̀kalẹ̀, ó ń di orúnkún mú, kò kí mi. Ọkọ rẹ̀ gbé ilẹ̀kùn apá yẹn lé èjìká. Káfíńtà lọ ràn án lọ́wọ́, ó ní kó fi í sílẹ̀. Mo na ìṣó sí i, ó ní òun mú ti òun wá. Gbogbo wa dúró, àti Bàbá, àti onídírẹ́jà, a ń wo arúgbó kan tó ń kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Ó wọ inú férémù bí ọwọ́ ṣe ń wọ inú ìbọ̀wọ́.

Bàbá ní, "Èéfín ńkọ́?"

Ìyá ti wà nídìí ààrò. Igi rin. Ó fi ìṣáná sí i, ó kú. Ó fi sí i, ó kú. Onídírẹ́jà ń wo aago. Mo sáré gbé kẹrosíìnì wá.

"Kí ẹja mi máa rùn kẹrosíìnì? Ṣé ìwọ lo máa rà á?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kàn jẹ́ kó rú."

"Iná kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Sún sẹ́yìn."

Ó dọ̀bálẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ. Nígbà tó wá gbà, igi tó rin ni, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Èéfín tó jáde níbẹ̀ kò mọ àgbà yàtọ̀. Ó bo ilé, ó bo mọ́ṣáláṣí, ó bo Bàbá. Bàbá ń wúkọ́, ó ń fi etí agbádá nu ojú. Onídírẹ́jà ti bọ́ sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ó rí èémí mí, Bàbá ní, "Èéfín kan ṣoṣo nìyí."

"Ẹ ò sọ iye rẹ̀ fún mi, Bàbá."

Ó wò mí pẹ̀lú ojú tó pọ́n. Ó pe onídírẹ́jà pé kó máa fa òpó rẹ̀ tu. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi: "Ọjọ́ tí mo bá kọjá tí mi ò rí i, ó máa padà wá ri wọ́n." Ó wọ ọkọ̀, ó ṣì ń wúkọ́ lọ.

Bí a ṣe wà nìyẹn. Àwọn kan ti tún dé, oníkálukú pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀, àwọn mìíràn kò tíì dé. Mo ń jí, mo kọ́kọ́ ń wo òkè bóyá èéfín wà, lẹ́yìn náà ni mo ń wo bèbè bóyá ó tún ti ya sí i. Ilé tó kángun sí omi ṣì la ẹnu sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá láti Ìkòròdú, apẹja, ara rẹ̀ le, ìyàwó rẹ̀ náà le. Ó fẹ́ ilé yẹn. Ó rí ilẹ̀kùn báǹkì tó wà nílẹ̀, ó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ọwọ́, ó ní ó bá a mu.

Mo ní, "Mi ò tà á."

"Ṣebí ẹ̀yin ni Ìyá Onílẹ̀kùn?"

"Èmi ni."

"Èwo wá ni ẹ̀ ń tà?"

"Tí o bá kọ́ ilé tìrẹ sí ibi tó ṣófo lọ́hùn-ún, màá ta èyí tí o bá fẹ́ fún ọ. Ti ilé yẹn, rárá."

Ó pòṣé. Ó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa irú orí tó wà lọ́rùn mi, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn. Mo ń wò wọ́n lọ. Ìdílé kan odindi, èéfín kan odindi.

Ìyá tó ń yan ẹja gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo lọ dúró tì í.

"Ìyá, ta ló ni ilé yẹn gan-an?"

"Ọ̀rẹ́ ọkọ mi. A gbọ́ pé ó kú. A tún gbọ́ pé kò kú."

"Èwo ni ká gbà?"

Ó yí ẹja rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kó má bàa jóná. "Ilé rẹ̀ ṣì la ẹnu," ló wí, ó sì ní kí n bá òun gbé igi wá.